Ọgbọ́n Ọlọ́gbọ́n: Ìyìn fún Ọ̀dọ́ Olùwádìí tí ó Kọ Àgbéyẹ̀wò

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Tọmọdé-tàgbà ni ó mọ òwe yìí. Àwa olùkọ́ èdè Yorùbá sì ti fi í kọ́ni títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun tí a kàn ń kà bí orin. Ohun tí òwe náà ń sọ ni pé ẹni tí ó bá ní sùúrù láti gbọ́ ti ẹlòmíràn, tí ó sì gbé e yẹ̀ wò kí ó tó lanu sọ̀rọ̀, ni àwùjọ ń kà sí ọlọ́gbọ́n. Síbẹ̀, bí a bá wo bí a ti ń pín ìyìn ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa, a óò rí i pé ìṣe wa kò bá òwe wa mu. Ẹni tí ó bá sọ pé òun ṣàwárí ohun tuntun ni a ń pàtẹ́wọ́ fún. Ẹni tí ó jókòó, tí ó kó gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn ti wádìí jọ, tí ó yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó sì sọ èyí tí ó dúró àti èyí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ fún wa, akọ̀wé lásán ni a máa ń ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Onímọ̀ ìlera àwùjọ ni; kò sì tí ì pé ọdún márùn-ún tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí. Láìpẹ́ yìí ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ìlera kan fún un ní àmì ẹ̀yẹ àti ìwé ẹ̀rí fún àpilẹ̀kọ àgbéyẹ̀wò tí ó kọ lórí ìtọ́jú ìwọ́ ọmọ tuntun. Inú gbogbo ẹbí dùn. Ṣùgbọ́n níbi tí a ti ń bá a yọ̀, àgbà kan nínú ẹbí wa, tí àwọn fúnra wọn ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, bi í léèrè pé oògùn wo ni ó ṣàwárí. Ó dá wọn lóhùn tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀ pé òun kò ṣàwárí oògùn kankan, àwọn ìwádìí tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe ni òun kó jọ, tí òun sì yẹ̀ wò. Àgbà náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "A jẹ́ pé orí iṣẹ́ oníṣẹ́ ni o ti gba ẹ̀bùn." Ọmọ náà kò fèsì, nítorí a kì í bá àgbà jiyàn níbi àsè, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára.

Èmi ni mo fẹ́ fèsì sí ìbéèrè náà nínú àpilẹ̀kọ yìí. Kì í ṣe láti bá àgbà du ọ̀rọ̀ ni mo ṣe fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè gidi ni wọ́n bèèrè, ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ ni ó sì ń bèèrè rẹ̀ nínú ọkàn wa láìsọ ọ́ síta. Èrò mi ni pé ẹni tí ó bá kọ àgbéyẹ̀wò tòótọ́ ti ṣe iṣẹ́ tí ó tó iṣẹ́, àti pé bí a bá kọ̀ láti bu ọlá fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwa náà ni a óò jìyà rẹ̀.

Kí ni à ń pè ní àgbéyẹ̀wò?

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa tí kò mọ Orí Kejì iṣẹ́ àṣekágbá. Ibẹ̀ ni a ti ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yẹ iṣẹ́ àwọn aṣáájú wò. Ohun tí a sábà máa ń rí níbẹ̀ kò jìnnà sí èyí: Lágbájá sọ báyìí, Tàmẹ̀dò náà sọ báyìí, Làkáṣègbè fara mọ́ ọn. Bí ojú ìwé bá ti tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Orí Kejì ti parí nìyẹn. Àkójọ orúkọ ni èyí. A kò lè pè é ní àgbéyẹ̀wò.

Àgbéyẹ̀wò tí àwọn onímọ̀ ìlera ń sọ ní ìlànà tirẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, olùwádìí yóò kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sílẹ̀, yóò sì kọ irú iṣẹ́ tí yóò gbà wọlé àti irú èyí tí kò ní gbà, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohunkóhun. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá gbogbo ibi tí iṣẹ́ lè wà, ìbáà jẹ́ inú jọ́nà, inú íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí inú iṣẹ́ tí wọn kò tẹ̀ jáde rárá. Ènìyàn méjì ni yóò ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn yóò sì fi ohun tí wọ́n rí wéra. Wọn yóò díwọ̀n bí a ti ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ṣé àwọn tí wọ́n fi ìtọ́jú náà dán wò pọ̀ tó? Ṣé a rí àwọn tí a fi wọ́n wé? Ṣé ẹni tí ó ń ka èsì mọ ẹni tí ó gba oògùn àti ẹni tí kò gbà á? Ìgbà tí èyí bá parí ni wọn yóò tó pa èsì pọ̀, bí ó bá ṣe é pa pọ̀.

Ìyá tí ó ń ṣa ẹ̀wà kò gbin ẹ̀wà, kò sì kórè rẹ̀. Síbẹ̀, bí kò bá ṣà á, eyín ni gbogbo ilé yóò fi mọ̀. Irú iṣẹ́ yìí ni olùkọ àgbéyẹ̀wò ń ṣe.

Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́wọ́, ó wá lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan nílé mi. Mo rí ìwé àjákọ kan lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Mo rò pé àwọn iṣẹ́ tí ó gbà wọlé ni ó ń kọ síbẹ̀. Ó ní rárá o, àwọn tí òun kọ̀ sílẹ̀ ni, pẹ̀lú ìdí tí òun fi kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo bi í léèrè ohun tí ó fi ń fi àsìkò ṣòfò lórí ohun tí ó ti kọ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, bí n kò bá kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, báwo ni ẹlòmíràn yóò ṣe mọ̀ pé kì í ṣe nítorí pé kò bá èrò mi mu ni mo ṣe jù ú nù?"

Ìdáhùn yìí ni ó ṣí mi lójú sí ìwà ọmọlúàbí tí ó wà nínú iṣẹ́ náà. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí ó bá ka ìwé mẹ́wàá tí ó sì mú mẹ́ta tí ó gbe èrò rẹ̀ lẹ́yìn wá síwájú wa, ẹjọ́ ẹnìkan ni ó dá, ìbáà jẹ́ pé kò parọ́ kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ohun tí àìsí àgbéyẹ̀wò ti ná aráyé

Iṣẹ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1753, James Lind, dókítà ọmọ Scotland tí ó ti bá àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́, tẹ ìwé kan jáde lórí àrùn tí ó ń pa àwọn atukọ̀ nítorí àìrí èso jẹ. Ó sọ nípa ìdánwò tí ó fi atukọ̀ 12 ṣe ní ọdún 1747, ṣùgbọ́n ó tún gbé ohun tí àwọn aṣáájú rẹ̀ ti kọ lórí àrùn náà yẹ̀ wò. Ó rí i pé a ní láti kó pàǹtírí kúrò nílẹ̀ kí á tó lè rí ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí àwọn oníṣègùn tó fi ọwọ́ gidi mú un. Ní ọdún 1979, Archie Cochrane, oníṣègùn ọmọ Scotland, bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wí pé wọn kò ní ètò kankan tí wọ́n fi ń ṣe àkójọ àti ìyẹ̀wò àwọn ìdánwò ìṣègùn láti ìgbà dé ìgbà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àsọdùn. Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ méjì.

Èkíní ni ti àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé kí a tó bí wọn. Ẹ̀dọ̀fóró irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í tí ì gbó, mímí a sì máa nira fún wọn. Ní ọdún 1972, Liggins àti Howie ní ilẹ̀ New Zealand tẹ ìdánwò kan jáde tí ó fi hàn pé bí a bá fún aboyún ní abẹ́rẹ́ corticosteroid kí ó tó bímọ, ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni yóò yè. Àwọn mìíràn tún dán an wò níbòmíràn. Àwọn ìdánwò náà kéré. Òmíràn dà bí ẹni pé ó ṣiṣẹ́, òmíràn kò dájú, ọ̀pọ̀ dókítà kò sì lo abẹ́rẹ́ náà. Patricia Crowley, onímọ̀ nípa ìgbẹ̀bí láti ilẹ̀ Ireland, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ní ọdún 1990, òun pẹ̀lú Iain Chalmers àti Marc Keirse tẹ àgbéyẹ̀wò ìdánwò 12 jáde. Nígbà tí a pa gbogbo wọn pọ̀, ohun tí kò dájú nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wá hàn kedere: abẹ́rẹ́ náà ń gba ẹ̀mí là. Ọdún 18 ni ó wà láàrin ìdánwò àkọ́kọ́ àti àgbéyẹ̀wò yẹn. Ní ọdún 1993 tí wọ́n dá àjọ tí ó ń jẹ́ orúkọ Cochrane sílẹ̀, ìdánwò méje nínú àwọn ìdánwò abẹ́rẹ́ yìí ni wọ́n yà sínú àmì ìdánimọ̀ àjọ náà, kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé ohun tí ìdádúró náà ná aráyé.

Èkejì ni ti bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń sùn. Láti àwọn ọdún 1950 ni ìmọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù pé kí àwọn ìyá máa dojú ọmọ bolẹ̀ láti sùn. Ìwé ìtọ́jú ọmọ tí Benjamin Spock kọ, tí ọ̀pọ̀ ilé ní lọ́wọ́, wà lára àwọn tí ó tan ìmọ̀ràn yìí kálẹ̀. Àlàyé rẹ̀ dùn ún gbọ́ létí: bí ọmọ bá bì nígbà tí ó kọjú sókè, èébì lè há a lọ́fun. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí a dojú wọn bolẹ̀ ń kú lójú oorun láìsí àìsàn kankan. Ní ọdún 2005, Ruth Gilbert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àgbéyẹ̀wò kan jáde tí ó kó gbogbo ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ náà jọ. Wọ́n rí i pé bí ẹnì kan bá ti ṣe irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1970, à bá ti mọ̀ pé ewu wà nínú dídojú ọmọ bolẹ̀. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ikú tí à bá ti dá dúró ju 10,000 lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ó sì tó 50,000 ó kéré tán ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà, Australia àti New Zealand. Ó tó bí ogún ọdún lẹ́yìn ọdún 1970 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìpolongo pé kí a máa fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀.

Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn àgbà wà lọ́jà. Wọ́n pọ̀, wọ́n sì mọ̀wé. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé olúkúlùkù wọn ń wo orí ọmọ tí ó wà níwájú rẹ̀ nìkan. Kò sí ẹni tí ó wo gbogbo ọjà pọ̀.

Ìwọ́ ọmọ tuntun: ọ̀rọ̀ tí ó sún mọ́ ilé

Bóyá ẹnì kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun ni èyí. Ẹ jẹ́ kí á wá padà sí orí ohun tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ àpilẹ̀kọ lé lórí. Àwọn ìyá wa mọ̀ pé ìwọ́ ọmọ tuntun gba ìṣọ́ra. Oríṣiríṣi nǹkan ni a ti ń fi sí i kí ó lè tètè já: àwọn kan ń fi omi gbígbóná jó o, àwọn kan ń fi òróró, ewé tàbí ọṣẹ ìfọnu sí i. Òmíràn nínú wọn a máa gbé kòkòrò àrùn wọ inú ara ọmọ.

Ní ọdún 2006, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Nepal tọ́ka sí i pé bí a bá fi oògùn apakòkòrò tí ó ń jẹ́ chlorhexidine nu ìwọ́ ọmọ, ikú ọmọ tuntun lè dín kù. Ní ọdún 2012, ìwádìí méjì láti Bangladesh àti Pakistan gbè é lẹ́yìn. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé kí a máa lò ó fún ọmọ tí a bí sílé ní àwọn ibi tí ọmọ tuntun 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ń kú nínú 1,000. Ní ọdún 2016, Nàìjíríà ṣe ètò láti mú gẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kárí orílẹ̀-èdè. Ọdún 2016 yẹn náà ni èsì ìwádìí ńláńlá méjì láti ilẹ̀ Áfíríkà jáde, ọ̀kan láti Zambia, èkejì láti erékùṣù Pemba ní Tanzania. Nínú méjèèjì, kò sí ìyàtọ̀ tí ó dájú láàrin ikú àwọn ọmọ tí a fi oògùn náà nu ìwọ́ wọn àti àwọn tí a kàn jẹ́ kí ìwọ́ wọn mọ́ tónítóní kí ó sì gbẹ.

Ta ni kí á gbà gbọ́? Ẹni tí ó bá ka ti Nepal nìkan yóò ní kí gbogbo ìyá lọ ra oògùn náà. Ẹni tí ó bá ka ti Zambia nìkan yóò ní kí á kó o dànù. Ẹni tí ó gbé gbogbo wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni ó lè bèèrè ìbéèrè tí ó yẹ: kí ni ó yàtọ̀ láàrin àwọn ibi wọ̀nyí? Níbo ni àwọn ìyá ti ń bímọ? Kí ni wọ́n ń fi sí ìwọ́? Ọmọ mélòó ni ó ń kú kí oògùn náà tó dé? Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé tún ìmọ̀ràn rẹ̀ ṣe: kí ìwọ́ wà ní mímọ́ àti gbígbẹ ni ìlànà fún gbogbo ọmọ, ibi tí àwọn ènìyàn bá ti sábà máa ń fi ohun tí ó léwu sí ìwọ́ ni kí a ti lo chlorhexidine ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Olùkọ àgbéyẹ̀wò kò sì gbọdọ̀ fi ewu pamọ́. Ní ọdún 2020, àjọ yìí kan náà kìlọ̀ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan ní Áfíríkà, àwọn ènìyàn ti ṣèèṣì kán oògùn ìwọ́ yìí sí ojú, ó sì ti ba ojú jẹ́.

Ìdáhùn mi sí ọ̀rọ̀ "iṣẹ́ oníṣẹ́" nìyí. Lóòótọ́, àwọn ará Nepal ni wọ́n ni ti Nepal, àwọn ará Zambia ni wọ́n ni ti Zambia. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó wà nínú ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì, kò sí ẹni tí ó ni ín nínú wọn. Ẹni tí ó kó wọn jọ ni ó bí ìmọ̀ yẹn.

Yinniyinni, kẹ́ni lè ṣe mìíràn

Kí nìdí tí ó fi yẹ kí á dìídì yẹ́ àwọn ọ̀dọ́ sí lórí irú iṣẹ́ yìí? Ìdí mẹ́ta ni mo rí.

Àkọ́kọ́ ni pé iṣẹ́ náà kò béèrè owó ńlá, ṣùgbọ́n ó ń béèrè àsìkò àti òtítọ́ inú. Ọ̀dọ́ olùwádìí ní ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní ẹ̀rọ ìgbàlódé lè ṣe é kí gbogbo ayé sì jàǹfààní rẹ̀. A ní ẹ̀rí èyí nílé. Ní ọdún 2002, Martin Meremikwu àti Angela Oyo-Ita láti Calabar tẹ àgbéyẹ̀wò kan jáde lábẹ́ àjọ Cochrane lórí lílo paracetamol fún ibà ọmọdé. Oògùn tí ó wà nínú àpò gbogbo ìyá ni wọ́n bèèrè nípa rẹ̀, ohun tí wọ́n sì rí ni pé ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ kò pọ̀ tó bí a ti rò. Àjọ náà tún dá ẹ̀bùn kan sílẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ Kenneth Warren pè, fún olùkọ àgbéyẹ̀wò tí ó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà, lórí àìsàn tí ó ń bá irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ fínra.

Ìkejì ni pé ọ̀dọ́ kò tí ì ní èrò àtijọ́ tí ó ń gbèjà. Àgbà tí ó ti fi ogún ọdún wàásù oògùn kan yóò nira fún láti sọ pé oògùn náà kò ṣiṣẹ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kí àgbà kọ́ ọmọ ní ìlànà, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ sọ ohun tí ó rí.

Ìkẹta ni pé àìsí ìyìn ń lé wọn sá kúrò nídìí iṣẹ́ náà. Mo mọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí ìgbìmọ̀ ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ kì í ka àpilẹ̀kọ àgbéyẹ̀wò sí odidi iṣẹ́. Bí ọ̀dọ́ bá mọ̀ pé ìwádìí kékeré tí ó fi ọgbọ̀n ènìyàn ṣe ní oṣù kan yóò gbé e ga ju àgbéyẹ̀wò tí ó fi ọdún kan ati ààbọ̀ ṣe lọ, ó mọ ohun tí yóò yàn.

Ṣùgbọ́n ìyìn tí a ń sọ yìí kò gbọdọ̀ jẹ́ ìyìn àbùlà. Kì í ṣe gbogbo àgbéyẹ̀wò ni ó yẹ ní yíyẹ́ sí. Ní ọdún 2016, John Ioannidis kìlọ̀ pé àwọn àgbéyẹ̀wò tí a ń tẹ̀ jáde ti pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, pé ọ̀pọ̀ wọn ń tún ara wọn sọ, tí òmíràn sì ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Ní àsìkò tiwa yìí, kọ̀ǹpútà ti lè to àkópọ̀ ọ̀rọ̀ jọ láàrin ìṣẹ́jú kan, ó sì lè fi orúkọ ìwé tí kò sí láyé kún un. Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí á máa yẹ́ sí ni ìwé àjákọ tí mo sọ nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: ẹ̀rí pé ẹnì kan ka iṣẹ́ náà, ó rò ó, ó sì lè sọ ìdí tí ó fi gbà á tàbí tí ó fi kọ̀ ọ́.

Ẹ̀kọ́ fún àwa olùkọ́ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ yìí kò tán sí ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Ìwé tí ó ròyìn ètò náà jáde ní ọdún 1989. Ó ti di àṣà wa pé bí ẹnikẹ́ni bá ti bu ẹnu àtẹ́ lu ìlò èdè abínibí, Ifẹ̀ ni a óò kọ́kọ́ dárúkọ, a sì máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ọ̀rọ̀ kò tán. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́ kéde pé ìjọba ti fagi lé ìlànà náà, ó sì tọ́ka sí èsì ìdánwò ní àwọn agbègbè kan gẹ́gẹ́ bí ìdí. Inú bí ọ̀pọ̀ nínú wa, ó sì yẹ kí ó bí wa. Ṣùgbọ́n ìbínú kì í ṣe ẹ̀rí. Bí ẹnì kan bá gbé èsì ìdánwò dání, tí àwa náà sì gbé Ifẹ̀ nìkan dání, ẹjọ́ ẹnìkan ni àwa méjèèjì ń dá. Ohun tí ó lè dáhùn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àgbéyẹ̀wò tí ó kó gbogbo ìwádìí láti ọdún 1970 jọ, ti Nàìjíríà àti ti ilẹ̀ òkèèrè, èyí tí ó gbè wá lẹ́yìn àti èyí tí kò gbè wá. A ní láti mọ ibi tí olùkọ́ ti gbọ́ èdè náà dáadáa àti ibi tí kò ti gbọ́ ọ, ibi tí ìwé wà àti ibi tí kò sí, gẹ́gẹ́ bí a ti ní láti mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin Nepal àti Zambia.

Mo dá àbá mẹ́ta nítorí èyí. Kí ẹ̀ka wa máa fún akẹ́kọ̀ọ́ tí Orí Kejì rẹ̀ dára jù lọ ní ẹ̀bùn lọ́dọọdún, kí á sì kà á jáde níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Kí á gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ ṣe àgbéyẹ̀wò gẹ́gẹ́ bí odidi iṣẹ́ àṣekágbá ṣe é, láìfi ipá mú un pín ìwé ìbéèrè fún ẹnikẹ́ni. Kí olùkọ́ tí ó ń bójú tó iṣẹ́ sì máa bèèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé: iṣẹ́ wo ni o rí tí o kò lò, kí sì ni ìdí rẹ̀?

Ìgúnlẹ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé kíkó ìmọ̀ jọ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe jíjẹ lára iṣẹ́ oníṣẹ́. Àwọn ọmọ tí ó kú ní ojú oorun nígbà tí ìmọ̀ tí ìbá gbà wọ́n là wà ní ìfọ́nká nínú ìwé ni ẹlẹ́rìí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra láti di olùkọ́, bí ẹ bá dé iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tiyín, ẹ ó pàdé ọmọ kan tí kì í yára dáhùn ìbéèrè, tí ó máa ń fẹ́ mọ ohun tí àwọn yòókù rò ná, kí ó tó sọ tirẹ̀. Ẹ má ṣe pè é ní aláìnírònú. Ẹ ní sùúrù fún un, ẹ kọ́ ọ ní bí a ti ń ṣa ẹ̀wà, nígbà tí ó bá sì ṣà á tán, kí ẹ yìn ín lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀.